Ẹ̀sìn Híńdù kọ́ ló dá ọrọ̀ ajé Íńdíà dúró

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ tẹ lẹ́tà kan jáde, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé ẹ̀sìn Híńdù ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ Íńdíà tètè là. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà pé ìyà tó ń jẹ òun jẹ́ èrè ohun tí òun ṣe nígbà tí òun kọ́kọ́ wá sáyé kò ní í sapá láti jáde nínú ìyà náà, àti pé àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé pàápàá ti fún ìfàsẹ́yìn náà lórúkọ, wọ́n ń pè é ní "ìwọ̀n ìdàgbàsókè Híńdù". Wọ́n wá parí rẹ̀ sí pé bí àwọn ará Íńdíà bá pa ẹ̀sìn náà tì, ọrọ̀ yóò yá kánkán. Lẹ́tà náà kò bú ẹnikẹ́ni, ó sì hàn pé ẹni tó kọ ọ́ kàwé. Ṣùgbọ́n mo gbé ìlú Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, fún ọdún méjì nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ọrọ̀ ajé, ohun tí mo rí níbẹ̀ àti ohun tí mo kà kò sì jẹ́ kí n lè dákẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí láyè kí n fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn "ìwọ̀n ìdàgbàsókè Híńdù" yẹn, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá mú bí ẹ̀rí. Raj Krishna, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978. Ohun tó ń tọ́ka sí ni pé láti ìgbà tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún márùn-ún àkọ́kọ́ ní 1951, bí a bá da àwọn ọdún náà pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọrọ̀ ajé Íńdíà kò fi ju nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà lọ́dún kan. Iye ènìyàn náà ń fi ohun tó ju ìdá 2 lọ pọ̀ sí i lọ́dọọdún, nítorí náà èyí tó ń kù fún olúkúlùkù kò ju nǹkan bí ìdá 1.3 lọ. Krishna fi gbólóhùn náà gún àwọn tó ń ṣètò ìlú ní kẹ́ṣẹ́ ni. Kì í ṣe inú ìwádìí kankan lórí ẹ̀sìn ló ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn ún pè, bó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń tún sọ nìyẹn, títí àwọn tí kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ fi gbà pé àwọn onímọ̀ ti yẹ ẹ̀sìn náà wò, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi.

Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ìdá 3.5 jẹ́ ohun ìtìjú, ṣé kò yẹ ká béèrè iye tó jẹ́ kó tó di 3.5? Ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Íńdíà, owó tó ń wọlé fún olúkúlùkù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ìwọ̀n tí wọ́n wá fi orúkọ Híńdù pè yìí sàn ju èyí tí wọ́n bá nílẹ̀ nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947 lọ fíìfíì. Kò sẹ́ni tó pe ti àtẹ̀yìnwá náà ní ìwọ̀n ìdàgbàsókè Kristẹni. Bí a bá tún padà sẹ́yìn sí i, Angus Maddison, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣírò ọrọ̀ ajé àgbáyé láti ayébáyé, sọ pé ní ọdún 1700, ohun tí Íńdíà ń pèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí ayé ń pèsè, pé nígbà tó fi máa di 1950, ó ti já wá sí nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́, kì í ṣe pé Íńdíà nìkan ló wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Yúróòpù náà ló ròkè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń hun aṣọ òwú tí gbogbo ayé ń dù ní 1700 ń bọ Vishnu, Shiva àti Lakshmi, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń bọ wọ́n ní 1950. Ohun tí kò yí padà kò lè jẹ́ ìdí ohun tó yí padà.

Kí ló wá fa ìdá 3.5 náà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1951 sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹ̀ sí i, kò sì gbọdọ̀ ṣe ọjà tuntun láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New Delhi. Ẹni tó bá ṣe ju iye tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ ti rú òfin. Owó ibodè tí wọ́n bù lé ọjà òkèèrè ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ṣe ọjà tí kò dára nínú ilé kò fi ní ẹni tó máa bá a du oníbàárà. Àwọn ènìyàn ń san owó sìkútà sílẹ̀, wọ́n á sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ti tẹlifóònù. Ètò yìí kò ti inú ìwé mímọ́ àwọn Híńdù wá. Ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, àwọn tí ètò ìjọba Sófíẹ̀tì ń wù, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù, pẹ̀lú ìdí tó lágbára, pé bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún oníṣòwò òkèèrè, ohun tí East India Company, ilé iṣẹ́ kan láti London tó bá òwò wá tó sì gba àkóso ilẹ̀ wọn, ṣe fún wọn láyé àtijọ́ lè tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó di 1991, owó ilẹ̀ òkèèrè tó kù lọ́wọ́ Íńdíà kò lè ra ju ọjà ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Wọ́n kó tọ́ọ̀nù wúrà tó tó 47 sínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé e lọ sí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè fi yáwó. Ní ilẹ̀ tí wúrà ti jẹ́ ohun tí ìyá ń tọ́jú fún ọmọbìnrin rẹ̀ láti kékeré, ojú ti àwọn ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún náà, P. V. Narasimha Rao tó jẹ́ olórí ìjọba, ọmọ ìdílé Brahmin, ìyẹn ìpele àwọn àlùfáà Híńdù, àti Manmohan Singh, mínísítà ètò ìṣúná tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Sikh, fa ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn òfin ìwé àṣẹ náà ya. Ká má parọ́, nǹkan ti ń gbé pẹ́ẹ́lí láti àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ìdàgbàsókè tó kọjá ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún di ohun tí ojú mọ̀, àwọn ọdún kan sì wà tó kọjá ìdá 8. Kò sí tẹ́ńpìlì tí wọ́n tì pa. Kódà, àwọn tẹ́ńpìlì ń pọ̀ sí i ni.

Ní ti èrò pé ẹ̀sìn náà kò fẹ́ kéèyàn wá owó, Max Weber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1916, ọ̀pọ̀ ló sì ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Weber mọ̀wé gidi, ó sì rí ohun kan tó jẹ́ òótọ́, èyí tí mo máa padà sí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Híńdù fúnra rẹ̀, ohun mẹ́rin ni ó tọ́ kí ènìyàn máa lépa láyé: dharma, èyí tí í ṣe ìwà títọ́ àti ojúṣe, artha, èyí tí í ṣe ọrọ̀ àti ipò, kama, èyí tí í ṣe adùn ayé, àti moksha, ìdáǹdè kúrò nínú àyípo ikú àti àtúnwá. Ọrọ̀ wà nínú mẹ́rin náà. Lakshmi, òrìṣà tó ni owó àti ire, kò sì sí lẹ́bàá, ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Mo fojú ara mi rí i. Oníṣòwò aṣọ kan tó múlé ti ibi tí mo wọ̀ sí pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní alẹ́ Diwali, ọdún àtùpà àwọn Híńdù. Wọ́n ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti to àtùpà amọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹbí sì wọ aṣọ tuntun. Lórí àpótí kékeré kan, wọ́n gbé ìwé ìṣirò ọjà tuntun kalẹ̀, ìwé gígùn tí wọ́n fi aṣọ pupa dì léèpo, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan kan sí. Àlùfáà ń ka àdúrà, bàbá náà fi ìka kan àtíkè pupa, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ojú ewé àkọ́kọ́: Shubh ní apá kan, Labh ní apá kejì. Ire, èrè. Wọ́n wá da òdòdó sórí ìwé náà. Ọmọkùnrin wọn tó ń bójú tó ìṣirò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àtíkè pupa kan náà tọ́ ọ lórí. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kó gbèsè wọlé, wọ́n sì san èyí tí wọ́n jẹ, nítorí wọn kì í fi ìṣirò àtijọ́ wọ ọdún tuntun. Ẹ̀sìn tó ń fi òdòdó sin ìwé ìṣirò èrè, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ó kórìíra èrè?

Irú bàbá yìí kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn Marwari láti aṣálẹ̀ Rajasthan àti àwọn bania ti Gujarat ti ń ṣòwò jákèjádò Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń pè ní hundi, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá san owó ní ìlú Surat lè gba iye kan náà ní ìlú tó jìnnà gan-an láìgbé owó rìn lójú ọ̀nà àwọn ọlọ́ṣà. Àwọn Chettiar, oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, ló yá àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ilẹ̀ Burma lówó ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ẹ̀sìn kò dí àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé mo máa padà sí ohun tí Weber rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Diwali náà, mo ṣì wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn nígbà tí ọkùnrin tó ń gbá ojú ọ̀nà tó sì ń kó ẹ̀gbin gọ́tà dé. Wọ́n fún un ní owó ọdún, wọ́n fún un ní ìpápánu aládùn, wọ́n sì bá a ṣàwàdà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó mú ife kan tó wà níbẹ̀, ife tirẹ̀, tí ẹlòmíràn kò lè fi mumi láé. Ọmọ ọ̀dọ̀ rọ tíì sí i láti òkè, ó gbé kẹ́tù náà ga kí ẹnu rẹ̀ má bàa kan ife. Ọkùnrin náà mu ún tán, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó dá a padà sábẹ́ àtẹ̀gùn. Bàbá tó pè mí yẹn kì í ṣe òǹrorò. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, èyí ló sì dùn mí jù.

Ohun tí Weber rí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ń bá ìgbàgbọ́ nínú àtúnwá jà, nígbà tí ohun tó ń ba ọrọ̀ ajé jẹ́ gan-an jẹ́ ètò ìpele ìbí, èyí tí wọ́n ń pè ní jati, tó ti pinnu kí wọ́n tó bí ọmọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe, ẹni tó lè fẹ́, kànga tó lè pọnmi nínú rẹ̀, àti bí yóò bá kàwé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bhimrao Ambedkar. Ìdílé àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Dalit lónìí, ni wọ́n bí i sí ní 1891. Nílé ẹ̀kọ́, orí àpò tó gbé wá láti ilé ló ń jókòó lé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Bí òṣìṣẹ́ tó máa bá a bu omi kò bá sí, kò ní í mu omi lọ́jọ́ náà. Ọba ilẹ̀ Baroda, tó wà nínú Gujarat òde òní, san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí yunifásítì Columbia ní New York, àdéhùn sì ni pé yóò padà wá ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ náà. Ó padà ní 1917 pẹ̀lú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí ènìyàn díẹ̀ péré ní ní gbogbo Íńdíà. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ń ju fáìlì sí i láti òkèèrè kí ọwọ́ wọn má bàa kan tirẹ̀. Kò rí ilé gbà. Ó fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ilé àlejò kan tí í ṣe ti àwọn Parsi, ẹlẹ́sìn mìíràn tí àwọn baba ńlá wọn wá láti Persia, nígbà tí wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n gbé igi lọ́wọ́ wá lé e jáde. Kò pẹ́ tó fi Baroda sílẹ̀. Ẹ fi ojú ìṣirò nìkan wo ọ̀rọ̀ yìí, ká má tíì sọ ti ìyà ọkàn: ìlú kan náwó kọ́ ọmọ kan di ọ̀mọ̀wé, ìlú kan náà sì lé e lọ kó tó jẹ èrè owó rẹ̀. Ẹ wá fi mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ tí ọba kankan kò sanwó fún sọ ọ́ di púpọ̀.

Ambedkar fúnra rẹ̀ ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní 1936, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé pípín iṣẹ́ lásán ni ètò náà. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń pín, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń pín, ó sì ń tò wọ́n lé ara wọn lórí. Àwọn tó wà lókè pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Mohandas Gandhi, ọmọ ìdílé oníṣòwò, fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní London ní 1888, àwọn àgbà ìpele ìbí rẹ̀ ní Bombay sọ pé ẹ̀sìn kọ̀ ọ́ pé kéèyàn sọdá òkun. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n sì ní ẹni tó bá sìn ín dé èbúté yóò san rúpì kan àti ánà mẹ́rin. Àwọn oníṣòwò ló ń dá ọmọ oníṣòwò dúró láti sọdá òkun, ní ìlú èbúté!

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni pé ibi tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn tí ètò ìpele ìbí tì, ọrọ̀ wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2011, nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Tamil Nadu ni Híńdù, ti ìpínlẹ̀ Bihar ní ìlà-oòrùn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 83. Síbẹ̀, owó tó ń wọlé fún olúkúlùkù ní Bihar kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti Tamil Nadu. Ní ìkànìyàn kan náà, àwọn tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ní Bihar kò pé ìdá 62, ti Tamil Nadu jẹ́ ìdá 80. Ìtàn ìyàtọ̀ náà gùn. Ní Bihar, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ilẹ̀ lé àwọn ọlọ́lá díẹ̀ lọ́wọ́ láti 1793, tí àwọn wọ̀nyí ń fìyà jẹ àgbẹ̀ alágbàro. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àpapọ̀ tún ṣe òfin kan tó sọ owó ọkọ̀ èédú àti irin di iye kan náà káàkiri Íńdíà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ kò rí ìdí tó fi máa kọ́ ọ sí ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń wa èédú náà ní Bihar. Ní gúúsù ńkọ́? Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ta ko ìpele ìbí ti ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Kamaraj, tó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní 1954, tó sì jẹ́ ẹni tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kékeré nítorí àìní, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ ọ̀sán nílé ẹ̀kọ́. Gbogbo ọmọ, láti ìpele yòówù, jókòó sílẹ̀ lórí ìlà kan náà, wọ́n jẹun láti inú ìkòkò kan náà. Bí ẹ bá ti mọ ìtàn ife abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ ó mọ ohun tí ìkòkò yẹn túmọ̀ sí.

Lẹ́tà náà mẹ́nu kan Nepal, tó jẹ́ ilẹ̀ ọba Híńdù títí di 2006, tó sì tòṣì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdílé Rana, tó ń ṣàkóso níbẹ̀, ló ti ilẹ̀ náà mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti 1846 títí di 1951. Ní erékùṣù Mauritius, níbi tí nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ti jẹ́ Híńdù, àwọn ọmọ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà sínú oko ìrèké láti 1834, onímọ̀ kan tó padà gba ẹ̀bùn Nobel, James Meade, ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 1961 pé ọ̀nà àtilà kò hàn fún wọn. Wọ́n dá àgbègbè ilé iṣẹ́ aṣọ títà sókè òkun sílẹ̀ ní 1970, wọ́n sì wà lára àwọn tó rí já jẹ jù ní gbogbo Áfíríkà báyìí.

Ó kù síbì kan, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Lẹ́tà náà ní kí àwọn ará Íńdíà pààrọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ambedkar fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀sìn Buddha ní Nagpur ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1956, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Àwọn Dalit mìíràn ti di Kristẹni tàbí Mùsùlùmí tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ìlú kan wà ní gúúsù Íńdíà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń sin òkú Kristẹni tó jẹ́ Dalit sí yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń sin òkú Kristẹni yòókù sí, ògiri sì wà láàárín. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tí Ambedkar jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́, ti fòfin de ìwà pípe ènìyàn ní aláìmọ́ láti 1950, ìjọba sì ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti àyè ní àwọn yunifásítì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ti fi ìyà yìí jẹ. Àwọn Híńdù, àwọn Sikh àti àwọn ẹlẹ́sìn Buddha nìkan ni òfin náà gbà. Ọmọ Dalit tó bá lọ ṣe ìrìbọmi yóò pàdánù àyè yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ṣì mọ ẹni tó jẹ́, tí wọ́n ṣì ń gbé ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn jọ̀wọ́ sọ fún wa ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fi ẹ̀sìn tuntun náà ṣe nínú wíwá iṣẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́.